Mílíwáàtì 200 ni mo fi ń ránṣẹ́, kí ló dé tí Jámánì ń rí mílíwáàtì 1?

ỌmọÀjílòṣun (Adó-Èkìtì)
Ọjọ́ Ẹtì, 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi. Ọ̀rọ̀ kan ò jẹ́ kí n sùn dáadáa lánàá, ẹ bá mi dá sí i.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ to ẹ̀rọ ìránṣẹ́ rédíò kékeré kan tó ń lo WSPR lórí 14 MHz. Fún ẹni tí kò bá tíì mọ̀ ọ́n, Joe Taylor, tí àmì ìpè rẹ̀ ń jẹ́ K1JT, ló gbé WSPR síta ní 2008. Ẹ̀rọ á máa rán ọ̀rọ̀ ṣókí kan jáde, kì í tó ìṣẹ́jú méjì tó fi ń parí. Nǹkan mẹ́ta péré ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà: àmì ìpè, ibi téèyàn wà, àti agbára tó fi ń ránṣẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ ọ níbikíbi láyé, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀gbọ́n tó ń kọ́ mi ló ní ìwé-àṣẹ, àmì ìpè wọn tó fi 5N bẹ̀rẹ̀ la fi ń ránṣẹ́, ojú wọn ni mo sì ṣe tan ẹ̀rọ náà. JJ27 la kọ sí ibi tí a wà, kóòdù tí àwọn oní-rédíò fi ń pín ayé sí ojú-ilẹ̀ kéékèèké ni, òun ló kárí Adó àti èyí tó pọ̀ jù nínú Èkìtì.

Ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá nínú páálí sọ pé mílíwáàtì 200 ló ń gbé jáde. 200 mW sì ni 0.2 W. Mo rí ibi tí wọ́n ti ń kọ agbára nínú kóòdù rẹ̀, mo kọ 0.2 síbẹ̀, mo tan án. Lálẹ́ àná, ẹnì kan gbọ́ wa ní Jámánì! Ó ju kìlómítà 4,600 lọ sí ibí. Mo pariwo débi pé màmá mi sáré jáde láti ilé ìdáná.

Àmọ́ nígbà tí mo wo íntánẹ́ẹ̀tì, 0.001 W ni wọ́n kọ síwájú àmì ìpè wa. Mílíwáàtì 1! Ará Jámánì náà ti kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi láti kí wa kú oríire pé a fi mílíwáàtì 1 dé ọ̀dọ̀ òun. N kò fẹ́ gba oríire tí kì í ṣe tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni mo ti ṣì í? Nọ́ńbà wo ló yẹ kí n kọ?

Àgbà_Wáyà (Èfọ̀n-Aláayè)
Ọjọ́ Ẹtì, 9:41 alẹ́

Àbúrò, o kú iṣẹ́, o kú ìnáwó. Ẹ̀rọ rẹ dára, ọwọ́ rẹ sì dára. Nọ́ńbà tí o kọ ni kò bá ibi tí o kọ ọ́ sí mu.

WSPR kì í béèrè wáàtì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. dBm ló ń béèrè, ìyẹn òṣùwọ̀n agbára tó ń kà láti mílíwáàtì 1, odidi nọ́ńbà ló sì ń gbà. Bí o ṣe kọ 0.2, kóòdù náà gé gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn póìntì dànù, ó ku 0. Ìwọ rò pé o sọ fún ayé pé "wáàtì 0.2", ohun tó jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ni "0 dBm". 0 dBm kò sì túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mílíwáàtì 1 gééré ni. Ará Jámánì kò ṣì í gbọ́, ohun tí o rán sí i ló kà.

Kọ 23. Mílíwáàtì 200 ni 23 dBm. Èmi kì í ṣe ẹni tó mọ àlàyé ṣe, ọ̀gá wa ní Ìkẹ́rẹ́ á sọ bó ṣe jẹ́ bí wọ́n bá dé.

Ìyá_Sólà (Ìkọ̀lé-Èkìtì)
Ọjọ́ Ẹtì, 10:05 alẹ́

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. N kò ní rédíò irú tiyín, sólà àti bátìrì ni mò ń tà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára.

Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i ní ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà á wọlé, á ní, "Ẹ fún mi ní 5." 5 kí ni? Ṣé kVA 5 ni, àbí kW 5, àbí kWh 5 ti bátìrì? Bíi kí èèyàn dé Ọjà Ọba kó ní kí wọ́n wọn gàrí 5 fún òun ni. Ṣé kóńgò ni àbí àpò? Oṣù tó kọjá, bàbá kan ra ínfátà 3.5 kVA níbòmíì, wọ́n ní kò lè gbé ẹrù ilé àwọn. Mo ní kí wọ́n mú un wá. Mo yí i sẹ́yìn, mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wò ó: àmì 0.8, ìyẹn ìdá tí a fi ń sọ kVA di kW, wà níbẹ̀ ní lẹ́tà wíńníwíńní. 3.5 lọ́nà 0.8, kW 2.8 péré ni. Fíríìjì méjì, áyọ́ọ̀nù àti pọ́ǹpù omi 1 HP ni wọ́n gbé ka orí rẹ̀. 1 HP nìkan ti jẹ́ wáàtì 746, ìyẹn sì ni agbára tí pọ́ǹpù náà ń tú jáde, èyí tó ń fà lára iná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Owó tí bàbá náà ná dùn mí títí di òní.

Ìbéèrè mi rèé. Àwa ní wáàtì, ẹ̀yin náà ní wáàtì. Kí ló wá dé tí ẹ ò kúkú fi wáàtì sọ ọ́, tí ẹ tún lọ gbé òṣùwọ̀n mìíràn wá tó ń ṣi ọmọ yìí lọ́nà?

Olùkọ́_Fèyìntì (Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì)
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:30 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ gbogbo ilé. Ìyá Sólà, ìbéèrè yín gan-an ló yẹ kí gbogbo ẹni tó bá fọwọ́ kan rédíò kọ́kọ́ béèrè. Mo fi físíìsì kọ́ ọmọ fún ọdún púpọ̀ kí n tó fẹ̀yìntì, inú mi sì ń dùn nígbàkigbà tí wọ́n bá bi mí léèrè rẹ̀.

Iṣẹ́ tiyín kì í jìnnà sí wáàtì. Gílóòbù wáàtì 9, fíríìjì wáàtì 150, ínfátà kW 5. Ẹ ó lo kílò nígbà tó bá pọ̀, ó parí. Ti rédíò yàtọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀rọ tó ń fi wáàtì 100 ránṣẹ́. Ẹ̀rọ yẹn kan náà ló máa gbọ́ ohùn tó ń bọ̀ láti òkèèrè. Ohùn tí mítà iwájú rẹ̀ ń pè ní S9, ìyẹn ohùn tó ròkè dáadáa, lórí HF (ìgbì kúkúrú), −73 dBm ni. Tí ẹ bá fẹ́ fi wáàtì kọ ọ́, 0.00000000005 W ni. Ẹ ka òdo rẹ̀ wò, kí ẹ sì sọ fún mi bí ọwọ́ ò bá ní ṣì nígbà tí ẹ bá kọ irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóòjọ́.

A lè fi àwọn orúkọ ìwọ̀n dín òdo kù. Wáàtì 1 ni mílíwáàtì 1,000, mílíwáàtì 1 ni máíkírówáàtì 1,000, èyí náà kan ni nánówáàtì 1,000, nánówáàtì kan ni píkówáàtì 1,000. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, póìntì á sún sí apá ọ̀tún lẹ́ẹ̀mẹ́ta. S9 wá di píkówáàtì 50. Ó ti sàn díẹ̀. Ṣùgbọ́n láti píkówáàtì 50 dé wáàtì 100, ìlọ́po tírílíọ̀nù 2 ló wà láàárín wọn nínú àpótí kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ka àtẹ̀gùn dípò kí wọ́n máa ka òdo. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí agbára bá di ìlọ́po mẹ́wàá, ẹ fi 10 kún un. dBm bẹ̀rẹ̀ kíkà láti mílíwáàtì 1, ìyẹn ni 0. Mílíwáàtì 10 ni 10. Mílíwáàtì 100 ni 20. Wáàtì 1 ni 30, wáàtì 10 ni 40, wáàtì 100 ni 50, kilowáàtì 1 sì ni 60. Láti −73 dé 50, àtẹ̀gùn 123 péré ni.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọyẹ́ (Ọyẹ́-Èkìtì)
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:18 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ má bínú sà, ó dà bíi pé Àgbà_Wáyà ṣì í sọ. Tí mílíwáàtì 100 bá jẹ́ 20, ìlọ́po méjì rẹ̀ ni 200 MW, ó yẹ kó jẹ́ 40, kì í ṣe 23.

Olùkọ́_Fèyìntì (Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì)
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:50 àárọ̀

Ọmọ mi, o ṣeun tí o sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ. Ohun méjì ni màá tún ṣe fún ọ.

Ìkíní, lẹ́tà. m kékeré ni mílì, M ńlá ni mẹ́gà. 200 MW tí o kọ yẹn ju ìdámẹ́rin gbogbo agbára tí wọ́n kọ́ ìdídò Kainji láti gbé jáde, 760 MW ni tirẹ̀. Mílíwáàtì bílíọ̀nù 1 ló wà nínú mẹ́gáwáàtì kan. Jọ̀ọ́, máa fi ojú sí lẹ́tà yẹn nínú ìdánwò àti níbi iṣẹ́.

Èkejì, ìlọ́po. 40 dBm ni wáàtì 10, mo ti sọ ọ́ lókè. Ìlọ́po méjì kì í sọ dBm di méjì, fífi kún ni. Tí o bá ti lo ìwé four-figure table ní sẹ́kọ́ńdìrì, wàá rántí lọ́gì 2: 0.3010. Lọ́nà 10, ó di 3.01. Ìyẹn ni 3 tí gbogbo oní-rédíò fi ń pe ìlọ́po méjì. Lọ́gì 5 ni 0.6990, lọ́nà 10, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 7. Nítorí náà 100 tó jẹ́ 20, ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 20 àti 3.

Ohun tó mú mi kọ gbogbo èyí láìtíì jẹun àárọ̀ rèé. WSPR kì í gba gbogbo nọ́ńbà. Àfi èyí tó bá parí sí 0, 3 tàbí 7. Ẹ wò ó báyìí, kí ẹ sì kó owó Nàìjíríà jáde láti inú àpò yín:

mW 5 ni 7 dBm
mW 10 ni 10 dBm
mW 20 ni 13 dBm
mW 50 ni 17 dBm
mW 100 ni 20 dBm
mW 200 ni 23 dBm
mW 500 ni 27 dBm
mW 1,000 ni 30 dBm

Náírà 5, 10, 20, 50, 100, 200, 500, 1,000. Bébà owó wa ló tò síbẹ̀ láti òkè délẹ̀, kò sí èyí tó sọnù níbẹ̀! Ẹni tó bá ti mọ owó yà sọ́tọ̀ nínú ọjà ti mọ ìdajì rẹ̀. Tó bá di wáàtì, ẹ tún un kà láti orí 30: wáàtì 2 ni 33, wáàtì 5 ni 37, wáàtì 10 ni 40.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọyẹ́ (Ọyẹ́-Èkìtì)
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:02 àárọ̀

Háà! Ó ti yé mi sà. Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé mi.

Etí_Òkèmẹ̀sí (Òkèmẹ̀sí-Èkìtì)
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10:26 àárọ̀

Èmi kì í ránṣẹ́, gbígbọ́ nìkan ni mò ń gbọ́. Mo wá ìsọfúnni ti alẹ́ Ọjọ́bọ̀ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì rí −24 lápá kan níbẹ̀. Tó bá jẹ́ −24 dBm ló dé Jámánì, ohùn náà ròkè ju S9 lọ púpọ̀púpọ̀. Báwo ni mílíwáàtì 200 ṣe lè dé bẹ́ẹ̀?

Àgbà_Wáyà (Èfọ̀n-Aláayè)
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11:15 àárọ̀

Kì í ṣe dBm nìyẹn, ará Òkèmẹ̀sí. dB lásán ni. Lẹ́tà m kan ṣoṣo tí kò sí níbẹ̀ ló yí ìtumọ̀ padà. dBm ní ibi tó ti ń kà, mílíwáàtì 1. dB kan ń fi nǹkan méjì wéra ni. −24 yẹn ń sọ bí ohùn ẹ̀rọ ṣe kéré tó sí ariwo tó wà nínú fèrèsé 2,500 Hz, ìyẹn fífẹ̀ ìgbì tí rédíò ń gbọ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ariwo náà tó ìlọ́po 250 ohùn tiwa, síbẹ̀ kọ̀ǹpútà ará Jámánì ṣa ọ̀rọ̀ náà jáde láàárín rẹ̀. Ìyanu WSPR gan-an nìyẹn fún mi, n kò tíì rí i kó sú mi.

Bí ỌmọÀjílòṣun bá sì ti kọ 23 dípò 0, −24 kò ní torí ìyẹn yí padà. Agbára tó dé Jámánì ti dé. Ohun tí a ní pé a fi rán an ló máa yí.

Mo tún ní ìbéèrè fún ọ, àbúrò: ta ló sọ pé mílíwáàtì 200 ni lóòótọ́? Ìwé inú páálí ni. Ṣé o wọ̀n ọ́n?

ỌmọÀjílòṣun (Adó-Èkìtì)
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1:03 ọ̀sán

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo gbìyànjú láti wọ̀n ọ́n sà. Mítà tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń wọn agbára ń ka dé wáàtì 200, abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ mira. Mo wá wo iná tí ẹ̀rọ ń fà nígbà tó bá ń ránṣẹ́: fólítì 12, mílíámúpù 35. 12 lọ́nà 0.035 jẹ́ 0.42 W. Ìdí nìyẹn tí ọkàn mi kò fi balẹ̀, ṣé 420 ni kí n kọ ni àbí 200?

Àgbà_Wáyà (Èfọ̀n-Aláayè)
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1:40 ọ̀sán

420 ni ohun tí ẹ̀rọ ń jẹ. Ohun tó ń gbé jáde sí wáyà eríàlì la fẹ́. Ìyókù di ooru, fọwọ́ kan tíránsísítọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, wàá mọ̀ ọ́n.

Ṣe báyìí. Wá rẹsísítọ̀ ohm 100 méjì, àwọ̀ ilẹ̀, dúdú, àwọ̀ ilẹ̀ ni ìlà ara wọn. So wọ́n pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹsẹ̀ sí ẹsẹ̀, wọ́n á di ohm 50. Tí wọ́n bá jẹ́ ti ìdá mẹ́rin wáàtì, àwọn méjèèjì lè gba ìdajì wáàtì, mílíwáàtì 200 kò ní ṣe wọ́n ní nǹkan. Má gbé wáàtì 5 ka orí wọn o, wọ́n á jóná. Fi wọ́n sí ibi tí eríàlì wà, kí o wá wọn fólítì orí wọn pẹ̀lú oscilloscope (ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ìgbì iná), láti góńgó òkè dé góńgó ìsàlẹ̀. Fólítì yẹn lọ́nà ara rẹ̀, pín in sí 400, wáàtì ló máa fún ọ. 400 náà kò ṣàdédé wá: 8 lọ́nà ohm 50 ni.

Kí o rí i pé ìgbì náà rí róbótó lójú oscilloscope. Tó bá dà bí àpótí onígun mẹ́rin, fílítà rẹ kò ṣiṣẹ́ dáadáa, ìṣirò yìí kò sì ní bá a mu. Má tan án sórí eríàlì tí o kò bá tíì tún ìyẹn ṣe, nítorí yóò máa da àwọn ẹlòmíì láàmú lókè.

Ìyá_Sólà (Ìkọ̀lé-Èkìtì)
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:20 ìrọ̀lẹ́

Mo ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan tèmi wàyí. 0.42 W tó ń jẹ yẹn, ìyẹn ni bátìrì mọ̀. Bátìrì kékeré 12 V, 7 Ah ni mo máa fún ọ: 12 lọ́nà 7, Wh 84. Pín in sí 0.42, wákàtí 200. Ṣùgbọ́n bátìrì olómi òjé ni, má lò ó ju ìdajì lọ bí o bá fẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Wákàtí 100, ó ju ọjọ́ mẹ́rin lọ, bó bá tilẹ̀ ń ránṣẹ́ láìsinmi, láìsí NEPA, láìsí jẹnẹrétọ̀. Bí ẹ bá ti ń so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀ ilé ńlá kí ó tó ṣiṣẹ́, ẹ jáwọ́ níbẹ̀, epo tó ń jó lórí 0.42 W yẹn ń dùn mí.

Olùkọ́, ẹ ṣeun sà. Owó náírà yẹn ni màá máa fi ṣàlàyé fún ọmọṣẹ́ mi.

Olùkọ́_Fèyìntì (Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì)
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:12 alẹ́

Ẹ ṣeun, Ìyá Sólà. Mo fi ọ̀kan kún un. Bí wáyà eríàlì rẹ bá gùn, tó sì jẹ tó dB 1.5, 23 yọ 1.5, 21.5 dBm ló dé eríàlì, bíi mílíwáàtì 141. Yíyọ kúrò lásán ni, kò sí pínpín, kò sí òdo. Ìyá Sólà, ìdáhùn kejì sí ìbéèrè yín lórí ìdí tí a kò fi kúkú lo wáàtì nìyẹn. Ohun tí ẹ̀rọ gbé jáde ni kí o máa kọ sínú WSPR, àbúrò, ti wáyà jẹ́ tìrẹ láti mọ̀.

ỌmọÀjílòṣun (Adó-Èkìtì)
Ọjọ́ Àìkú, 8:55 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o. Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní oscilloscope, a sì wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbì náà róbótó, a sì rí fólítì 9 láti òkè dé ìsàlẹ̀. 81, pín sí 400, 0.2025 W. Ìwé inú páálí kò purọ́. Mo yí 0.2 padà sí 23, mo tan ẹ̀rọ ní agogo méje kọjá. Ará Jámánì kan náà tún gbọ́ wa, −22 lọ́tẹ̀ yìí, 0.2 W ló sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ kọ lẹ́tà sí i. A ní kó má bínú, mílíwáàtì 200 ni ti Ọjọ́bọ̀, kì í ṣe 1. Kìlómítà 4,700 lórí 0.2 W, 23,500 ni lórí wáàtì kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe mílíọ̀nù 4.7. Ó fèsì kíá. Ó ní inú òun ṣì dùn, pé òun kì í sábà gbọ́ JJ27.

Mo ti lẹ bébà mọ́ ẹ̀yìn àpótí rẹ̀. Mo kọ ọ́ gàdàgbà: Ó ŃJẸ 420 mW. Ó ŃGBÉ 200 mW JÁDE. KỌ 23 dBm. Ìyá Sólà, mo ń bọ̀ ní Ìkọ̀lé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun wá ra bátìrì 7 Ah yẹn, ẹ bá mi mú ọ̀kan sílẹ̀ mà.